Ilé Wo Là Ń Wò Kí Á Tó Sọ Timba Lórúkọ?

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé ilé kan ṣoṣo ló wà níwájú wa láti wò, bí ẹni pé gbogbo àwọn tó ń sùn lábẹ́ òrùlé náà ni ilẹ̀ gbà bákan náà. Nínú Behold the Dreamers, ìwé ìtàn àròsọ tí Imbolo Mbue gbé jáde ní ọdún 2016, ọmọbìnrin kékeré kan wà tó ń jẹ́ Timba. New York ni wọ́n bí i sí, torí náà ọmọ Amẹ́ríkà ni láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ ké. Bàbá rẹ̀, Jende, wá láti Limbe ní Kamẹrúùnù. Físà àlejò tó bá wọlé ti kú tipẹ́, ó sì ń retí bóyá ìjọba á fún òun ní asylum, ìyẹn ààbò tí wọ́n ń fún ẹni tó sá àsálà. Ìyá rẹ̀, Neni, wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Liomi, tí wọ́n bí sí Limbe, ń jẹ lábẹ́ ìwé ìyá rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin, ilé kan ní Harlem, ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin ìlú náà fi ń wò wọ́n. Ilé wo wá ni ká wò níbẹ̀?

Ohun tí a fẹ́ sọ nípa ìwé yìí kò pọ̀. Mbue mọ bí ìyà òfin ìgbélùú ṣe ń wọ inú ìgbéyàwó, ó sì kọ ọ́ dáadáa ju ọ̀pọ̀ ìwé tí a ti kà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ, ìwé náà dákẹ́. Ohun tó sì ń dùn wá níbẹ̀ ni pé ibi tí ìwé náà ti dákẹ́ gan-an ni òfin Amẹ́ríkà náà ti dákẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, ìtàn náà rèé ní ṣókí. Jende ń wa mọ́tò fún Clark Edwards, ọ̀gá kan ní báńkì Lehman Brothers. Neni ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó fẹ́ di apoògùn. Ọdún 2007 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ọdún kan ṣáájú kí Lehman Brothers tó wó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka ìwé náà bí ìtàn olówó àti tálákà: ìdílé Edwards lókè, ìdílé Jonga nísàlẹ̀, báńkì wó, gbogbo wọn sì jọ ṣubú. Kò burú bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwa tí ẹ̀gbọ́n wa wà ní Houston, tí àbúrò ìyá wa wà ní Peckham, tí a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pépà lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ìwé mìíràn ni a rí nínú ìwé yìí. Ìwé nípa ìdílé tí pépà wọn kò dọ́gba ni.

Kí a tó mọ ohun tí Mbue ṣe, ó yẹ ká mọ òfin tó dúró lẹ́yìn irú ìtàn báyìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin kan tó mú ìyà ọ̀rọ̀ ìgbélùú le gan-an. Lára rẹ̀ ni èyí: ẹni tó bá gbé Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ ju ọjọ́ 180 lọ, ṣùgbọ́n tí kò pé ọdún kan, tó bá jáde, ó di ọdún 3 kó tó lè padà. Tó bá ti pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10 ni. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà, ìlẹ̀kùn tì pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún 10 lẹ́yìn odi kó tó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun láàyè láti tún béèrè.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe dẹ pàkúté náà. Ẹni tó jókòó sílé kọ́ ló ń mú, ẹni tó bá ń jáde ló ń mú. Ọjọ́ tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ kan sínú bàálù ni ọdún 10 náà bẹ̀rẹ̀. Torí náà, òfin tí wọ́n ní yóò lé àwọn ènìyàn lọ, òun náà ló wá ká wọn mọ́lé. Ẹni tí ì bá lọ kó tún padà wá, kò jẹ́ lọ mọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn á máa fi fóònù wò ó.

Nínú ìwé Mbue, bàbá Jende kú ní Limbe. Jende kò lè lọ. Ẹjọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó lè mú un padà wọlé tó bá jáde. Owó ló fi ránṣẹ́. A gbà pé ojú ìwé wọ̀nyí wà lára ohun tó lágbára jù nínú ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mbue kò lọ̀ ọ́ pọ̀. Nílé wa, kì í ṣe ẹni tó bímọ ni wọ́n ń pè ní ọlọ́mọ, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òfin tí wọ́n ṣe ní Washington wá nawọ́ dé ìdí sàréè kan ní Limbe, ó sì yọ ọmọ kúrò níbẹ̀. Ta ni wọ́n fìyà jẹ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé Jende ni, àbí bàbá rẹ̀ tí kò gba físà rí láyé rẹ̀?

Àmọ́ inú ilé gan-an ni Mbue ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù. Ẹ rántí pé físà Neni so mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó lóyún Timba, Jende ní kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ná. Ní ilé tí tọkọtaya ti jọ ní ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ tọkọtaya lásán nìyẹn ì bá jẹ́. A lè bá ọkọ náà jà, a lè rán àwọn àgbà sí i. Ṣùgbọ́n níbí, ẹni tí ọkọ bá ní kó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ti ń fi físà sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ nínú kíṣìnnì ti wá lágbára bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba ní pápákọ̀ òfuurufú. Mbue kò ṣàlàyé èyí fún wa bí olùkọ́. Ó kàn jẹ́ ká rí i: bí Neni ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe jà, bó ṣe gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa wo bí ohun gbogbo ṣe ń le sí i. Neni ya fọ́tò ìyàwó Edwards níbi tí ojú ti lè ti obìnrin náà, ó fi dẹ́rù bà á, ó sì gba 10,000 dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú láti kọ Jende sílẹ̀ lórí ìwé, kó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan kí pépà lè jáde. Ó tiẹ̀ ronú pé kí olùkọ́ òun kan gba Liomi ṣọmọ, kí ọmọ náà lè rí ìwé gbà. Jende, tí a ti fẹ́ràn láti ojú ìwé kìíní, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo ayé, gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní kí Mbue má ti kọ ibẹ̀, pé ó ń ba ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà lórúkọ jẹ́. A kò gbà. Mbue kò sọ pé òfin ló lu Neni. Jende ló lù ú, ìwé náà kò sì bá a wá àwáwí. Ohun tó fi hàn wá ni pé níbi tí ìwé àwọn ará ilé kò bá ti dọ́gba, gbogbo ìjà ló ní ohun ìjà nínú. Ẹni tó ní ìwé lè sọ pé “màá pè wọ́n fún ẹ.” Ẹni tí kò ní kò lè pe ọlọ́pàá kódà tí wọ́n bá lù ú bolẹ̀. Ìjọba kò tíì kan ilẹ̀kùn, ẹ̀rù ìjọba ti ń pàṣẹ nínú ilé.

Ó dára ká mọ ìdí tí ètò Neni láti fẹ́ ọmọ ìlú fi dà bí ọ̀nà àbáyọ, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń gbọ́ ọ láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba físà wọlé láti pápákọ̀ òfuurufú, kódà kí físà náà ti kú, tó bá fẹ́ ọmọ ìlú ní òtítọ́, ó sábà máa ń lè ṣe pépà náà láti inú ìlú níbẹ̀ láìjáde. Kò jáde, torí náà pàkúté ọdún 10 kò mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba aṣálẹ̀ wọlé láìrí aṣọ́bodè, kódà kó fẹ́ ọmọ ìlú, kí wọ́n sì ti bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ní kó jáde lọ gba físà ní ìlú rẹ̀. Ibi tó bá sì ti jáde ni pàkúté ti mú un. Ìfẹ́ kan náà, irú ọmọ kan náà. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé nìkan ló yàtọ̀. Ìyẹn ló fà á tí ọ̀rọ̀ “fẹ́ ọmọ ìlú” fi gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa, tí púpọ̀ nínú wọn bá físà wọlé. Àmọ́ tí ìjọba bá rí i pé ìgbéyàwó pépà lásán ni, òfin sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó mìíràn fún ẹni náà mọ́, kódà kí ìgbéyàwó kejì jẹ́ òtítọ́. Eré tí Neni fẹ́ ṣe yẹn, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fẹ́ fi ta á.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Bubakar díẹ̀. Lọ́yà Jende ni, ní Brooklyn, ọmọ Nàìjíríà sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, ẹ mọ̀ pé ẹ rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. A mọ̀ ọ́n. A mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kíá kíá, bó ṣe ń pe oníbàárà rẹ̀ ní arákùnrin, bó ṣe ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òun ló bá Jende hun ìtàn pé àwọn àna rẹ̀ ń lépa ẹ̀mí rẹ̀, tí wọ́n gbé síwájú ìjọba. Mbue fi í ṣe ẹlẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é dáadáa. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀rín, ó kù díẹ̀ káàtó. Irú Bubakar kì í hù láti inú òfìfo. Níbi tí ẹjọ́ ti ń pẹ́ ní ọdún púpọ̀, tí ìyà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́wọ́ pé “iṣẹ́ ni mo wá ṣe, mo fẹ́ tọ́ ọmọ mi,” ẹni tó ń ta ìtàn kò ní ṣaláìrí oníbàárà. Òtítọ́ Jende kò wúlò ní kọ́ọ̀tù. Wọn kò ní àyè fún un lórí fọ́ọ̀mù. Irọ́ ló ní àyè. A ì bá fẹ́ kí ìwé náà dúró pẹ́ díẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà dí tán, Jende ní òun ti ṣe tán láti lọ. Ó ní kí kọ́ọ̀tù jẹ́ kí òun fúnra òun máa lọ sílé. Ìyẹn náà ní orúkọ nínú òfin, orúkọ tó túmọ̀ sí ìlọ ìfínnúfíndọ̀. Ẹni tí adájọ́ bá pàṣẹ pé kí wọ́n lé, ọdún 10 ni wọ́n sábà máa ń tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ lọ bọ́ lọ́wọ́ ọdún 10 ti àṣẹ adájọ́ yẹn. Tó bá tètè gbà, ọjọ́ tí wọ́n á fún un láti palẹ̀ mọ́ kì í ju 120 lọ. Tó bá dúró di òpin ẹjọ́, kì í ju 60 lọ. Tí ọjọ́ bá pé tí kò lọ, owó ìtanràn àti ìyà tuntun ń dúró dè é.

Ìfínnúfíndọ̀! Inú ta ló fín, ọkàn ta ló dọ̀? Jende fúnra rẹ̀ ti rẹ̀, a lè sọ pé ó yàn án. Neni kò yàn án. Ó fẹ́ dúró, ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sunkún lórí rẹ̀. Liomi kò yàn án. Timba kò tíì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ẹnì kan ló fọwọ́ sí i ní kọ́ọ̀tù, ènìyàn mẹ́rin ló di ẹrù. Mbue jẹ́ ká rí ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yìí, pé òfin ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò ní ilé, ìdáhùn ẹni náà sì di ìdájọ́ fún gbogbo ilé.

Ibí ni a wá ti fẹ́ bá ìwé náà jà díẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọmọ. Ìdílé Edwards ní ọmọkùnrin méjì, Vince àti Mighty. Vince ní èrò tirẹ̀, ó bá bàbá rẹ̀ jiyàn, ó kẹ́rù ó lọ sí Íńdíà. Mighty ń bá Neni ṣeré, ó ń sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọmọ olówó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n Liomi ńkọ́? Liomi ti lọ sílé ìwé ní New York. Ó ti ní ọ̀rẹ́. Wọ́n fẹ́ fún ẹlòmíràn ṣọmọ, wọ́n fẹ́ gbé e padà sílé, ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í fún ìwọ̀n ojú ìwé méjì láti bi í pé kí ni ìwọ rò. Timba, ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láàárín wọn, ni wọ́n gbé wọ bàálù bí ẹrù ọwọ́.

Ẹnìkan lè ní ọgbọ́n Mbue nìyẹn, pé bó ṣe rí nílé wa náà nìyẹn: tí àgbà bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ pépà, wọ́n á ní kí ọmọ lọ sùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn kì í sùn. Ó ń gbọ́ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìwé tó ráyè wọ yàrá ìyàwó Edwards, tó tẹ̀ lé Vince títí dé ibi tó ti ń wá àlàáfíà ọkàn, ó yẹ kó lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn pẹ̀lú Liomi.

Ìdí tí ó fi ń dùn wá ni pé bí òfin náà ṣe ṣe nìyí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó bá bímọ sí Amẹ́ríkà ti rí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ náà lè ṣe. Kò lè béèrè ìwé fún òbí rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Òfin 1996 náà fi àyè sílẹ̀ fún àánú: ẹni tí pàkúté ọdún 3 tàbí ọdún 10 mú lè bẹ̀bẹ̀ tó bá fi hàn pé ìyà ńlá máa jẹ ẹbí òun. Ṣùgbọ́n ẹbí wo? Ọkọ, ìyàwó, bàbá tàbí ìyá tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní green card ni. Ọmọ kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kó máa ṣàìsàn, kó máa sunkún bàbá rẹ̀ lóru, ìyà tirẹ̀ kò wọ inú ìṣirò àyàfi tó bá tipasẹ̀ ẹlòmíràn wọlé. Àánú mìíràn wà níwájú adájọ́, tó ka ìyà ọmọ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú náà fún ọdún 10, ìyà ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọjá èyí tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ènìyàn 4,000 péré sì ni wọ́n lè fún láàárín ọdún kan, ní gbogbo Amẹ́ríkà. Jende kò tíì pé ọdún 10.

Àwa tí a ń sọ pé ọmọ laṣọ, ẹ wo aṣọ tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ bo òbí rẹ̀. Òfin ní ọmọ yìí jẹ́ ti wa, òbí rẹ̀ kì í ṣe ti wa. Bàálù bàbá lọ, ọmọ náà á bá a lọ, ìjọba á sì ní ẹnikẹ́ni kò lé ọmọ náà. Lórí ìwé, òótọ́ ni.

Nǹkan kejì tí a bá Mbue jà lé lórí ni owó. Ìdílé Jonga kó dọ́là dání lọ sí Limbe, dọ́là tó pọ̀ tó láti sọ wọ́n di ẹni ńlá níbẹ̀. Ó jẹ́ kí òpin ìwé náà rọrùn lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe dé Limbe ni ìtàn parí. A kò rí ọjọ́ kìíní Liomi nílé ìwé tuntun. A kò rí oṣù kẹfà, tí owó bẹ̀rẹ̀ sí í tán, tí Neni sì ń wo ọkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń dá padà kì í kó nǹkan kan dání ju báàgì kan lọ. Owó yẹn bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, ó sì tètè bò ó jù.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ méjì mìíràn, tó sún mọ́ wa, wé e. Nínú Americanah tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní ọdún 2013, Obinze ń gbé London láìní ìwé, wọ́n mú un lọ́jọ́ ìgbéyàwó pépà rẹ̀ gan-an, wọ́n sì dá a padà sí Èkó. Ìtìjú ibẹ̀ wọni lára. Ṣùgbọ́n Obinze dá wà. Kò ní ọmọ kankan ní London. Kó tiẹ̀ ní, ìbí nìkan kò ní sọ ọmọ náà di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1983, Bìrìtìkó kì í fún ọmọ ní orílẹ̀-èdè torí pé wọ́n bí i síbẹ̀ nìkan. Bàbá tàbí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní àṣẹ ìgbélùú tí kò lópin. Ọmọ ìyá méjì lè bímọ lọ́dún kan náà, ọ̀kan ní Houston, ọ̀kan ní Peckham, kí àwọn ọmọ náà má sì bára wọn dọ́gba.

Èkejì ni Anchor Baby, fíìmù tí Lonzo Nzekwe ṣe ní ọdún 2010. Omoni Oboli ló ṣe Joyce, ọmọ Nàìjíríà tó lóyún sí Amẹ́ríkà láìní ìwé. Wọ́n mú ọkọ rẹ̀, wọ́n dá a padà, ó sì pinnu pé òun kò ní lọ títí òun yóò fi bímọ síbẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan gbà á sílé. A kò ní sọ ìyókù fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé fíìmù náà mọ nǹkan kan tí ìwé méjèèjì kò sọ tó báyìí: pé òbí lè máa wo ọmọ inú rẹ̀ bí ìwé ìgbélùú kó tó wo ojú rẹ̀. Ó bani lẹ́rù. Àmọ́ níbẹ̀ náà, ọmọ ni ohun tí wọ́n ń wá. Ọmọ kọ́ ló ń sọ ìtàn.

Ìṣòro náà kì í ṣe ti àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nìkan. Ẹ gbọ́ bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ ọ́. A ní “ó ti rí pépà,” a ní “kò ní pépà,” bí ìgbà tí pépà jẹ́ ẹ̀yà ara. A ní “ó jápa,” a sì ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ẹni tó já kò já nǹkan kan sílẹ̀. Tí bàálù bá kó àwọn èèyàn wá sí Ìkẹjà, a ní “wọ́n dá a padà,” gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ nípa ọjà tí oníbàárà kò fẹ́ mọ́. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń béèrè ni: kí ló ṣe? Bóyá olè ni, bóyá yahoo ni. Ìwọ̀nba ló ń béèrè pé ta ló fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ni èdè tó yẹ kó mọ ìbéèrè yìí jù lọ. Tí a bá pàdé ara wa lójú ọ̀nà, kí a tó bi ẹni náà bó ṣe wà, a ti béèrè pé ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ìkíni lásán kọ́ nìyẹn. Èdè wa kò gbà pé ènìyàn kan lè dá dúró kí a bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní ilé. Òfin 1996 gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn tó bá fẹ́ bá irú òfin bẹ́ẹ̀ jà, ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó ṣe ni kó béèrè pé àwọn ọmọ ńkọ́, kó sì dúró gbọ́ èsì. Mbue béèrè ilé, ó béèrè rẹ̀ dáadáa, torí náà ẹ wá ìwé rẹ̀ kà. Kò béèrè àwọn ọmọ tó.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ní Yorùbá, pàápàá ẹ̀yin tí irú ilé bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú, a ti ka ìyẹn tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ sùn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tàbí kí ẹ gbé Timba dàgbà fún wa. Ní bíi ọdún 2029 tàbí 2030, yóò pé ọmọ ọdún 21. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ rẹ̀, èdè Limbe wà lẹ́nu rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó lè fi béèrè ìwé fún òbí rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ kúrò ní New York nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀ ló ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé. Bírò wà lọ́wọ́ Timba, àwọn méjèèjì sì ń wò ó.